Rìsífà yín ti ní dikódà nínú: ẹ má tíì sanwó fún òmíràn

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní London fi rìsífà tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wọlé tó sì ń gbé e fún sípíkà, pẹ̀lú sípíkà márùn-ún àti wúfà kan. Kò ní ihò HDMI, ṣùgbọ́n wọ́n kọ Dolby Digital, DTS àti Pro Logic II sí i lójú, ihò mẹ́fà kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ MULTI CH IN sí. Ẹ̀rọ DVD mi náà ní ihò mẹ́fà lẹ́yìn, wọ́n sì kọ "Built-in 5.1 decoder" sára páálí rẹ̀. Mo tún ní dikódà sátẹ́láìtì àti tẹlifíṣọ̀n tuntun tó ń gbé Netflix. Ọmọ tó ń ta ẹ̀rọ ní Ṣágámù ní kí n ra dikódà kékeré kan lọ́tọ̀, pé òun ló máa jẹ́ kí ohùn yí pálọ̀ ká. Dikódà mélòó lèèyàn ń ní nínú ilé kan? Èwo gan-an ni kí n lò?
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìpẹ̀rù-Rẹ́mọ

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ọmọ yín káre, ó rántí ilé. Bí ẹ ò bá tíì sanwó fún ọmọ Ṣágámù yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú láhun. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà ẹ bá wa fi ahun ṣe é lónìí, torí ohun tó fẹ́ tà fún yín ti wà nínú ilé yín, ó tiẹ̀ ti di méjì.

Ọ̀rọ̀ "dikódà" yìí gan-an ló ń da gbogbo wa láàmú. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá ti pe dikódà, àpótí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọkàn ń lọ, èyí tí à ń sanwó oṣooṣù fún, tí ilé á dàrú bí owó rẹ̀ bá tán lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tìyẹn ni kó ṣí àwòrán tí wọ́n ti tì pa. Dikódà ohùn tí à ń wí yìí kò ti nǹkan kan pa, kò sì gba owó oṣù. Ìdì ló ń tú.

Ẹ jẹ́ kí n fi onílù ṣe é. Ká ní ẹ pe àwọn onídùndún láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí òde yín ní Ìpẹ̀rù: ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìsáájú, gángan, kànnàngó, gúdúgúdú. Ẹni mẹ́fà. Ẹ ò ní gba mọ́tò mẹ́fà fún wọn. Danfo kan náà ni gbogbo wọn máa wọ̀, wọn á súnra mọ́ra, ìlù á wà lórí itan. Bí wọ́n bá dé, ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn, á ní, "Ìyáàlù, bọ́ síwájú. Gúdúgúdú, lọ sápá òsì." Ẹni tó ṣílẹ̀kùn yẹn ni dikódà. Ohùn mẹ́fà ló wà nínú fíìmù tí wọ́n bá kọ 5.1 sí: iwájú lọ́tùn-ún, iwájú lósì, àárín tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń jáde, ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ẹ̀yìn lósì, àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń mi ilẹ̀, èyí tí í ṣe ".1" tó wà lẹ́yìn 5. Bí wọn ò bá fún ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, wọ́n á gbà tó 4,600 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Dolby Digital jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún wọn pọ̀ di ìdì kan, DTS náà jẹ́ irú rẹ̀; lórí àwo DVD, Dolby Digital kì í kọjá 448. Ìdí nìyẹn tí wáyà kan tó tín-ín-rín fi lè gbé gbogbo wọn.

Bí ìbéèrè yín ṣe wá rí nìyí: ta ni kó ṣílẹ̀kùn danfo, ṣé ẹ̀rọ DVD ni, rìsífà ni, àbí àpótí kékeré tí ọmọ yẹn ń tà? Ẹni yòówù kó ṣí i, àwọn onílù kan náà ló máa sọ̀ kalẹ̀. Ìṣirò ni títú Dolby Digital. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìlànà rẹ̀ láti 1992 tó ti wọ ilé sinimá ni gbogbo ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ní dikódà tòun ń tú u "dùn" ju ti rìsífà lọ, ọjà ló ń tà.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ta ló mọ bí pálọ̀ yín ṣe rí?

Pálọ̀ wa kì í jọ àwòrán inú ìwé tí wọ́n ń kó sínú páálí. Àga ìjókòó ti fẹ̀yìn ti ògiri, bùfẹ́ wà lápá kan, sípíkà ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ẹni tó jókòó létí. Ká ní sípíkà àárín jìnnà sí yín ní mítà méjì àbọ̀, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ mítà kan péré. Ohùn ń rin bíi 345 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí náà ti ẹ̀yìn á fi bíi ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú ti iwájú dé. Lójú, kò tó nǹkan. Létí, ó tó. Ohùn tó bá kọ́kọ́ dé ni etí fi ń mọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀, ìyẹn ni òjò inú fíìmù á fi máa rọ̀ sí ìpàkọ́ yín nìkan nígbà tí àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ń sá lọ níwájú. Nínú rìsífà, ibì kan wà tí wọ́n kọ Speaker Setup tàbí Distance sí. Ẹ ó sọ fún un pé sípíkà báyìí jìnnà tó báyìí, òun náà á dá ti ẹ̀yìn dúró títí ti iwájú á fi bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ìsàlẹ̀. Sípíkà márùn-ún tí ọmọ yín fi ránṣẹ́, bí wọn kò bá ga ju ìgò ọtí lọ, wọn ò lè gbé ohùn tó wúwo. Ẹ ó yan SMALL fún wọn, rìsífà á sì kó gbogbo ohun tó wúwo nínú wọn fún wúfà kó máa bá wọn gbé e.

Ihò mẹ́fà MULTI CH IN kò mọ gbogbo èyí. Nínú ọ̀pọ̀ rìsífà ayé ìgbà náà, ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, bó ṣe wọlé náà ló ń jáde: kò sí ìdádúró, kò sí pé à ń kó ohùn wúwo fún wúfà. Rìsífà ti di amplifier lásán nìyẹn, ẹ̀rọ tó kàn ń gbé ohùn sókè. Gbogbo ètò tó kù di ọwọ́ ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Àpótí kékeré tó wà lọ́jà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju bọ́tìnì bíi mélòó kan lọ. Wọ́n á tú ìdì, wọ́n á sì ní kí oníkálukú wá ibi dúró sí fúnra rẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà nínú wáyà mẹ́fà. Ìyá oníṣòwò kan ní Mòlípà, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló pè mí lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti ta ayédèrú wúfà fóun. Mo débẹ̀, wọ́n tan fíìmù. Gbogbo òṣèré, àtọkùnrin àtobìnrin, ń sọ̀rọ̀ bí eégún tó wà nínú agọ̀. Ọmọge kan ń bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ohùn rẹ̀ ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde bí ẹni ń ṣẹ́ èpè. Mo tú àga, mo tú bùfẹ́, mo yẹ wúfà wò, kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá wọn so dikódà lọ́tọ̀ mọ́ ọn ló ti wáyà àárín bọ ihò wúfà, ó sì ti ti wúfà bọ ti àárín. Wáyà méjì péré ni mo pààrọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni ì bá sì jẹ́ ká ní rìsífà ni wọ́n jẹ́ kó tú ohùn, kò ní sí ohun tí wọ́n máa ṣì bọ̀.

Nítorí náà, Bàbá, ìmọ̀ràn mi ni pé kí rìsífà ṣílẹ̀kùn. Pro Logic II tí ẹ rí lójú rẹ̀ fi hàn pé kò dàgbà ju 2000 lọ, torí ọdún yẹn ni ó jáde. Àìsí HDMI kì í ṣe àbùkù. Òpin 2002 ni wọ́n tó gbé ìlànà HDMI jáde, ó sì tún pẹ́ kó tó wọ rìsífà. Ohun tí ẹ nílò kò ju wáyà méjì lọ.

Èkíní máa ti ẹ̀rọ DVD lọ sí rìsífà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ DVD, ẹ ó rí ihò kan tó dá wà tí wọ́n kọ COAXIAL sí, ẹnu rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ fi wáyà kan so ó mọ́ ihò COAXIAL IN lára rìsífà. Ẹ jẹ́ kí ihò mẹ́fà ẹ̀yìn DVD náà máa sinmi. Irọ́ kọ́ ni wọ́n kọ sára páálí, dikódà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, a kàn fẹ́ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ pálọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ SETUP lórí rìmóòtù DVD, ẹ lọ síbi Audio, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SPDIF tàbí Digital Out sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fìdí rẹmi. Bó bá wà lórí PCM, ẹ̀rọ DVD ti tú ìdì náà nínú ara rẹ̀, ó pa mẹ́fà pọ̀ di méjì, méjì yẹn ló sì ń fún rìsífà. Ẹ gbé e sórí RAW tàbí Bitstream. RAW túmọ̀ sí pé kó gbé ìdì lọ bó ṣe wà, kó má tú u.

Wáyà kejì máa ti tẹlifíṣọ̀n lọ sí rìsífà: wáyà ọ́pítíkà, èyí tí iná pupa kékeré máa ń tàn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀rá tó bò ó lẹ́nu kúrò kí ẹ tó kì í bọ̀, ẹ má ká a kọ́rọ́kọ́rọ́, torí gíláàsì tàbí rọ́bà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bàbà. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ síbi ètò ohùn, ẹ yan Optical, kí ẹ sì gbé Digital Sound Output kúrò lórí PCM bọ́ sórí Dolby Digital tàbí Auto. Ohùn Netflix ń wá ní Dolby Digital Plus, èyí tí rìsífà yín kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ ọ́ di Dolby Digital kó tó ju ú sí wáyà ọ́pítíkà. Dikódà sátẹ́láìtì yín, bó bá ti so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò nílò wáyà tirẹ̀ mọ́; ẹ kàn wọ ètò ohùn rẹ̀, bí Dolby Digital bá wà níbẹ̀, ẹ yàn án.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí DVD kò fi lè bá ti tẹlifíṣọ̀n kọjá. Nítorí DTS ni. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan kò fẹ́ rí i sójú. Samsung, fún àpẹẹrẹ, yọ ọ́ kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ láti 2018. Ẹ ó fi àwo tó ní DTS sí i, àwòrán á máa rìn, pálọ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Rìsífà yín gbọ́ DTS dáadáa, ẹ má jẹ́ kí alárinà kankan dá a dúró lọ́nà.

Ìgbà wo wá ni dikódà lọ́tọ̀ wúlò? Ó wúlò fún ẹni tí rìsífà tàbí amplifier rẹ̀ ní ihò mẹ́fà ṣùgbọ́n tí kò ní dikódà nínú rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wúfà tí wọ́n ń kó jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ní Bluetooth àti iná tó ń ṣẹ́jú, tí wọ́n kọ 5.1 gàdàgbà sára páálí wọn. Ẹ ka ihò tó wà lẹ́yìn wọn. Bó bá jẹ́ méjì péré, pupa àti funfun, ohùn méjì ló ń gbà wọlé, ó kàn ń pín in fún sípíkà márùn-ún ni. Kò sí dikódà tó lè là á. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, àpótí kékeré yẹn lè sọ ọ́ di 5.1 gidi. Àpótí náà kò wọ́n mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀tọ́ oníǹkan (patent) tó kẹ́yìn lórí Dolby Digital ti parí ní 2017, ẹni tó bá wù ló lè ṣe é. Mi ò bú u. Mo kàn ní kì í ṣe tiyín.

Ọ̀nà kan ṣoṣo wà tí màá fi yí ọ̀rọ̀ mi padà, ìyẹn bí ọmọ yín bá tún fi ẹ̀rọ Blu-ray tó ní ihò mẹ́fà ránṣẹ́. Lórí Blu-ray, àwọn ohùn kan wà tí wọn kò gé nǹkan kan kúrò lára wọn, Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio. Wọ́n tóbi ju wáyà ọ́pítíkà àti coaxial lọ, rìsífà yín kò sì gbọ́ èdè wọn. Bí ẹ̀rọ Blu-ray náà bá lè tú wọn nínú ara rẹ̀, kó gba ihò mẹ́fà wọlé, nígbà náà dikódà inú ẹ̀rọ ló borí, ẹ ó sì lọ ṣètò jíjìnnà sípíkà nínú Blu-ray fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má banú jẹ́: DTS lásán wà nínú DTS-HD, Dolby Digital sì máa ń bá TrueHD rìn lórí àwo kan náà, ìyẹn náà á gba wáyà kan kọjá.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu lórí gbogbo nǹkan o. Fíìmù Yorùbá tí à ń rà ní VCD láyé ọjọ́sí, ohùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa wò lórí YouTube náà ńkọ́, méjì ni. Pro Logic II á fi ọgbọ́n orí pín in kiri, ó sì máa ń mọ̀ ọ́n pín, ọ̀rọ̀ ẹnu á wá sí àárín. Ṣùgbọ́n bó bá di orin, ẹ pa á. Ẹ fi Stereo gbọ́ Haruna Iṣọ̀lá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, kò sí ìdí tí agídìgbo rẹ̀ á fi máa dún lẹ́yìn àga yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná, èyí tí àwọn òyìnbó tó ń kọ ìwé lórí hóòmù tíátà kì í rántí. Ẹ wo ẹ̀yìn rìsífà kí ẹ tó kì í bọ ògiri: 230V ni kó wà níbẹ̀. Ti London sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, 120V ni, mo ti rí èyí tó rú èéfín ní Ìkẹ́nnẹ́ kí olówó rẹ̀ tó jókòó. Èmi fúnra mi ti ra àkópọ̀ rí, èyí tí DVD, dikódà àti amplifier gbogbo wà nínú àpótí kan. Ìrọ̀lẹ́ Ojúde Ọba ni, àlejò kún pálọ̀, iná lọ, iná dé, ó sì dé pẹ̀lú agbára. Táú. DVD kú, rìsífà kú. Mo ní kí n kúkú mú sípíkà rẹ̀ lọ so mọ́ òmíràn, ẹnu wáyà wọn kò wọ ihò ẹ̀rọ kankan láyé, 3 ohm ni wọ́n sì kọ sẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ amplifier kò lè gbà á. Òkú sípíkà márùn-ún wà lókè àjà mi títí dòní. Nínú gbogbo àríyànjiyàn pé ká kó dikódà sínú àbí ká yọ ọ́ sóde, èyí ni mo fi ń ṣe ìdájọ́: kí dikódà wà nínú rìsífà, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó ń gbé àwo wà lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ ò ní sin méjì. Ẹ so gbogbo wọn mọ́ sìtabiláísà tó dáa, kí ẹ sì yọ wọ́n kúrò lára ògiri bí iná bá lọ. Bí ẹ bá ń lo ìńfátà, tí ẹ wá ń gbọ́ "hùùn" nínú sípíkà, ìńfátà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe dikódà.

Kí Màmá má sì fi aṣọ olówùú tí wọ́n hun bo rìsífà lórí. Ẹ̀yin àgbà fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ihò òkè rẹ̀ ló fi ń mí.

Bí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fi àwo fíìmù kan tí wọ́n kọ 5.1 sí lẹ́yìn sí i, kí ẹ wo ojú rìsífà. Bí DOLBY DIGITAL tàbí DTS bá yọ níbẹ̀, danfo ti dé, ẹ jókòó. Bó bá jẹ́ PCM ló kọ, ẹ padà síbi RAW yẹn. Owó àpótí tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ ọmọ Ṣágámù, ẹ fi ra wáyà méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kó gé wáyà sípíkà tó nípọn fún yín, èyí tó máa yí ògiri ká dé ẹ̀yìn àga. Ẹ fi okùn wọn ògiri náà kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì fi mítà méjì lé e fún ẹnu ọ̀nà.